Oògùn Ọkàn Tí Wọ́n Pè Ní Fítámì

Èmi, Ignatius Àkànbí Ògúntúndé, ọmọ Ògúntúndé àgbẹ̀, ti agboolé Òkè-Àpáta ní Àrán-Ọ̀rin, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu mi. Ṣèyífúnmi tísà ni ó ń bá mi kọ ọ́. Àgbẹ̀ ni èmi náà. N kò lọ sí ilé ìwé rí. Bàbá mi bí ọkùnrin mẹ́ta, ó rán méjì lọ sọ́dọ̀ àwọn fáda, ó mú èmi lọ sí oko. Fáda sọ mí ní Ignatius nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún mi, n kò sì lè kọ orúkọ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, mo mọ iye ebè tí mo kọ lọ́dún yìí, mo sì mọ àwọn tí ó ṣẹ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wí lẹ́yìn ikú mi pé arúgbó ti ń ṣarán nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó lọ bi dókítà ní Ìlọrin. Ọkàn mi ni ó ń ṣàìsàn, kì í ṣe ọpọlọ mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀, wọn yóò la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn mi ní Ìbàdàn. Dókítà sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ilé lẹ́yìn rẹ̀, pé àwọn díẹ̀ sì wà tí wọn kì í padà sí ilé mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. N kò mọ ọ̀wọ́ tí n óò bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń hágún lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé mìíràn jáde, ẹ ya á.

Mo fi ènìyàn méjì ṣe alámòójútó ìwé yìí. Ẹni kìíní ni Bùkárì, tí ó ṣe wolé-wolé ní Òmù-Àrán kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni kejì ni Ṣèyífúnmi fúnra rẹ̀. N kò fi ọmọ mi kankan ṣe é. Bùkárì kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ní ọdún kan, ó jẹ iyán ní ilé mi ní àárọ̀, ó dúpẹ́, ó rìn yí ẹ̀yìnkùlé mi ká, ó sì kọ ìwé ẹ̀sùn fún mi ní ọ̀sán nítorí agbada omi tí ìdin ẹ̀fọn wà nínú rẹ̀. Mo bínú sí i fún ọdún méjì. Irú ẹni tí mo ń wá nísinsìnyí nìyẹn.

Kí n tó pín ohunkóhun, kí gbogbo ẹni tí yóò gbọ́ ìwé yìí mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ìpín àwọn ọmọ mi dá lé e lórí.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, mo ń kọ ebè nígbà tí nǹkan kan jókòó sí mi láyà bí ẹni pé wọ́n gbé àpò gààrí lé mi. Ó gba èjìká òsì, ó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo jókòó sínú poro, ó sì fi mí sílẹ̀. Mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru iyán tí mo jẹ, mo ra oògùn gáàsì. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń gun òkè tí ó lọ sí oko, yóò dé. Bí mo bá dúró, yóò lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Tómilọ́lá, ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní Òmù-Àrán, bá mi níbi tí mo ti fara ti ògiri. Ó fà mí lọ sí Ìlọrin. Ayọ̀túndé, àkọ́bí mi, sọ̀kalẹ̀ láti Èkó. Wọ́n lẹ okùn mọ́ mi láyà, wọ́n ní kí n máa rìn lórí rọ́bà kan tí ó ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan tí ó dà bí ihò, ó ya àwòrán mi. Lẹ́yìn náà ni a wọlé tọ dókítà. Dókítà ń sọ gẹ̀ẹ́sì, Ayọ̀túndé ń fi gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, Tómilọ́lá ń nu ojú. Mo jókòó láàárín wọn bí iṣu tí wọ́n ń nájà lé lórí. Mo ní, kí ni ó wí? Ayọ̀túndé ní, Bàbá, ó ní ẹ̀jẹ̀ yín kò pọ̀ tó, ẹ ó máa lo fítámì. Mo ní, gbogbo gẹ̀ẹ́sì gígùn yẹn, fítámì náà ni? Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tómilọ́lá ní fítámì àgbàlagbà ni, Bàbá, ó lágbára ju ti ọmọdé lọ.

Ohun tí dókítà wí gan-an ni pé mẹ́ta nínú àwọn ọ̀nà tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara ọkàn mi ti dín, pé ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá, pé kí wọ́n má jẹ́ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó là á. Àwọn ọmọ mi ní rárá. Wọ́n ní bí Bàbá bá gbọ́, ìpayà ni yóò pa á. Wọ́n ní oògùn ni kí dókítà fún àwọn. Ayọ̀túndé fọwọ́ sí ìwé. Tómilọ́lá da àwọn oògùn náà sínú ike fítámì tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lò tán, èyí tí wọ́n ya àwòrán kìnnìún sí lára. Àwọn ará ilé gbọ́. Olórí agboolé gbọ́. Àwọn tí ó wá kí mi láti Èkó ní ọdún Àjíǹde gbọ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọkàn mi ń dí, èmi tí mo ni ọkàn náà ni n kò mọ̀.

Mo ń kọ ebè lọ. Mo ń mu tábà lọ. Tómilọ́lá ní kí n jáwọ́ nínú tábà, mo rò pé ìjọ ni ó rán an. Nígbà mìíràn mo rántí lo fítámì wọn, nígbà mìíràn n kò rántí. Ta ni ó ń fi ayé rẹ̀ rántí fítámì?

Adéyanjú ni ó wá kàn. Oko tèmi àti tirẹ̀ pààlà. A bá ara wa jà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó wà láàárín pèrègún àti odò, tí kò gbà ju ọgọ́rùn-ún ebè lọ. Ó ní tòun ni, mo ní tèmi ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún yìí, ọ̀kadà mi kọṣẹ́ lójú ọ̀nà oko. Ó ń bọ̀ lórí tirẹ̀, ó kọjá mi, ó tún yí padà. Ó ní, ìwọ alágídí yìí, gbé àdá rẹ wá kí a máa lọ. Bí a ṣe parí ìjà nìyẹn. Ní ọjọ́ náà a sun iṣu, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo lábẹ́ igi kaṣú mi, ó sì ń bú mi pé ọwọ́ mi kò mọ iṣu í sun láti kékeré.

Ó sọ fún mi pé ó ń rẹ òun, pé oríkèé ń ro òun. Mo mú ike oníkìnnìún jáde. Mo ní fítámì tí àwọn ọmọ mi ń rà ni, kò sí irú rẹ̀ ní ọjà wa. Mo pín in sí méjì dọ́gba. Ó ní inú máa ń ta òun, pé wọ́n ti sọ fún òun rí pé ọgbẹ́ wà nínú ikùn òun. Mo ní, fítámì kì í pa inú lára, ọkùnrin yìí, lò ó. Ó lò ó. Nígbà tí tirẹ̀ tán, mo tún fún un. Mo ń rò pé mo ń ṣe ọ̀rẹ́ mi lóore.

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, Adéyanjú bì, ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò dá. Ó kú ní ọjọ́ kẹta.

Rúùtù, ìyàwó rẹ̀, gbé ike tí oògùn tí mo fún ọkọ rẹ̀ kù sí wá sí ojúde wa níwájú gbogbo agboolé. Ó ní, Bàbá Ayọ̀túndé, dókítà ní oògùn ọkàn ni ẹ fún ọkọ mi, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó ní ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án láìjẹ́ pé dókítà ń ṣọ́ ọ. Ta ni ó ń ṣàìsàn ọkàn nínú ilé yín? Mo ní kò sí. Ó ní kí n búra. Mo ní kí wọ́n gbé Bíbélì wá. Mo fi ọwọ́ lé e, mo búra pé ọkàn mi le koko, pé n kò lo oògùn ọkàn rí láyé mi. Ayọ̀túndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń wo ilẹ̀. Tómilọ́lá wọ inú ilé lọ. Wọ́n jẹ́ kí n búra èké níwájú opó, wọn kò la ẹnu.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí Àrán-Ọ̀rin ń sọ ni pé mo fi májèlé pa Adéyanjú nítorí ọgọ́rùn-ún ebè. Rúùtù kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ tí n óò kú sí nìyẹn.

Nítorí ọ̀rọ̀ tí Rúùtù sọ nípa oògùn ọkàn, mo bẹ Ṣèyífúnmi kí ó sìn mí lọ sí Ìlọrin. Dókítà ṣí fáìlì mi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo ní, kí ni ó dé tí ẹ kò sọ fún mi nígbà náà? Ó ní àwọn ọmọ yín ní ẹ kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, ìwọ ńkọ́, ìwọ kò gbọ́ Yorùbá? Ọmọ Ọ̀fà ni. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi. Òun nìkan ni ó tíì tọrọ rẹ̀.

Ìpín kìíní. Ilé mi oníyàrá méje ní Àrán-Ọ̀rin, pẹ̀lú kànga àti ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi hágún fún Ayọ̀túndé, bí ó bá ṣe ohun kan. Kí ó wá ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, kí ó dúró ní ojúde níbi tí mo ti búra, kí Rúùtù wà níbẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀ pé oògùn ọkàn ni, pé òun gbọ́ ìbúra bàbá òun, òun sì dákẹ́. Yorùbá ni kí ó fi sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí ìwé. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù. Kò gbọdọ̀ rán olórí agboolé sí i. Mo fún un ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú mi. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, kí ilé náà di ti ìjọ, kí wọ́n fi olùkọ́ sí i.

Asisat, ìyá wọn, ni ó pọn omi tí a fi po amọ̀ ilé náà. Láti Òkè-Onígbìn ni mo ti fẹ́ ẹ. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fẹ́ kí ó fẹ́ onígbàgbọ́, àwọn ènìyàn mi kò fẹ́ ẹni tí ń kírun, a sì fẹ́ ara wa. Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi bá a gbé, kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan fún mi tí kì í ṣe òtítọ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, yóò ní, iyọ̀ pọ̀ jù, jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ẹni tí Ayọ̀túndé jọ.

Ìpín kejì. Oko kaṣú mi, yàtọ̀ sí ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìpín keje, mo fi hágún fún Tómilọ́lá, lórí àdéhùn kan náà. Owó tí mo fẹ́ lò ní Ìbàdàn ti inú oko náà jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí ní iye. Ẹ̀ṣẹ̀ Tómilọ́lá wúwo ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ayọ̀túndé purọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wọ mọ́tò lọ. Ìwọ Tómilọ́lá ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, o ń ṣí ike náà, o ń ka oògùn inú rẹ̀, o ń rẹ́rìn-ín, o ń ní, Bàbá, fítámì yín kù díẹ̀ o. O rí i pé ó ń tètè tán. O kò bi mí ibi tí ó ń lọ. Bí o bá bi mí, Adéyanjú ì bá wà láàyè.

Ìpín kẹta. Ọ̀kadà mi di ti Bùkárì, kí ó tún kábúrétọ̀ rẹ̀ ṣe. Ewúrẹ́ mi mẹ́jọ di ti Ṣèyífúnmi. Kì í ṣe owó iṣẹ́, ó ti kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ mi. Kí ó ṣọ́ra fún èyí tí ó dúdú, ó máa ń jẹ ìwé. Àwọn ọkọ́ mi, àdá mi àti ẹ̀rọ tí mo fi ń fín oko, kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ro oko nínú agboolé. Bí kò bá sí, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dípẹtà.

Ìpín kẹrin. Ike oníkìnnìún náà, mo fi hágún fún Ayọ̀túndé àti Tómilọ́lá pa pọ̀. Kí ó máa gbé orí tẹlifíṣọ̀n Ayọ̀túndé fún oṣù mẹ́fà, kí ó máa gbé orí tẹlifíṣọ̀n Tómilọ́lá fún oṣù mẹ́fà, títí wọn yóò fi dàgbà tó mi. Bí àlejò bá bi wọ́n pé kí ni èyí, kí wọ́n wá irọ́ tuntun.

Ìpín karùn-ún. Èyí kò ní àdéhùn, ẹ ti jogún rẹ̀ ná. Dókítà bi mí bí bàbá mi ṣe kú. Mo ní ó di àyà mú nínú oko rẹ̀, ó ṣubú, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà mi orí. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àìsàn kan náà, pé ó máa ń rìn nínú ìdílé, pé tábà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá ni ó ń bá a kún ọ̀nà náà. Ó fi báírò yà á fún mi. Ó dà bí ọ̀nà oko tí igbó ń ya bò lọ́tùn-ún àti lósì, títí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fi ń gba ibẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹrù bá wúwo, ẹni tí ó rù ú kò ní lè kọjá. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí bí mo bá ń gun òkè, tí ó sì ń fi mí sílẹ̀ bí mo bá jókòó. Ó ní ní ọjọ́ tí ó bá dùn mí tí mo jókòó tí kò sì lọ, kí n má dúró ra oògùn gáàsì, kí n wá mọ́tò. Ayọ̀túndé, ikùn rẹ ń ṣíwájú rẹ wọlé. Lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Lọ wo ṣúgà rẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò.

Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n ní Wosilat, ìyàwó rẹ̀ kékeré, ni ó fi nǹkan sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lé e jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo wà lára àwọn tí ó ju ẹrù rẹ̀ síta. Ó ti kú. N kò rí i bẹ̀.

Ìpín kẹfà, nípa ara mi. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi ni pé wọn yóò ti wáyà tín-ín-rín gba ọrùn ọwọ́ mi dé ọkàn, wọn yóò fẹ́ ibi tí ó dín, wọn yóò fi irin kékeré bí apẹ̀rẹ̀ há a kí ó má baà tún pa dé. Méjì ni wọn yóò là, ìkẹta yóò wà lọ́wọ́ oògùn. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n la àyà mi, kí wọ́n fi iṣan ẹsẹ̀ mi ṣe ọ̀nà tuntun. Dókítà ní òun ì bá fẹ́ ìyẹn fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ mẹ́ta dín, ṣùgbọ́n tábà ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, n kò ní là á já. Oògùn tí ó pa Adéyanjú gan-an ni n óò máa lò lẹ́yìn rẹ̀, lójoojúmọ́. Bí mo bá ṣíwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sórí irin náà, kí ó sì pa mí lójijì. N óò máa lò ó pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, n óò sì tì í mọ́ inú àpótí.

Ayọ̀túndé ní òun kò fọwọ́ sí i, pé mo ti dàgbà jù. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó fọwọ́ sí i. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí ìwé wọn. Bí n kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, Ṣèyífúnmi ni kí dókítà bá sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ ní Yorùbá. Bí mo bá kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sára pósítà mi pé mo kú lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Kò ráńpẹ́. Ọdún méjì ni, ẹ sì mọ̀. Kí ẹ kọ ọ́ pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ dín, wọ́n fi pa mọ́ fún un.

Ìpín keje. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín pèrègún àti odò, mo fi hágún fún Rúùtù, ìyàwó Adéyanjú. Tèmi ni ilẹ̀ náà, mo sì fún un. Ọmọ mi kankan kò gbọdọ̀ bá a dù ú.

Ìfikún, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Nígbà tí Ṣèyífúnmi ń ka ìwé yìí padà fún mi kí n lè tẹ̀ ẹ́, a kò mọ̀ pé Tómilọ́lá ti gbé ọbẹ̀ dé, pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìpín kejì. Kò wọlé. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó lọ. Mo ní ó ti sá bí ó ṣe sá ní ọjọ́ ìbúra. Kò tó wákàtí kan, òun àti Rúùtù jọ wọlé.

Rúùtù kò jókòó. Ó ní òun kò wá dárí ji ẹnikẹ́ni, òun wá gbọ́ ọ ni. Tómilọ́lá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, níṣojú Bùkárì, níṣojú Hafeezat aránṣọ tí a pè wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó ní, Màmá, èmi ni mo da oògùn ọkàn sínú ike fítámì. Bàbá kò mọ̀. Mo wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń búra, mo fi aṣọ di ẹnu. Rúùtù ní, tún un sọ. Ó tún un sọ. Rúùtù ní kí wọ́n ka gbogbo ìwé náà fún òun láti òkè. Wọ́n kà á. Nígbà tí wọ́n dé ibi iṣu sísun, ó ní, ọkọ mi sọ ọ́ fún mi pé iṣu yẹn jóná. Wọ́n kà á dé òpin.

Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fún òun ní báírò, òun yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣèyífúnmi ní, Màmá, kò ṣeé ṣe, ẹni tí wọ́n bá hágún nǹkan fún kì í ṣe ẹlẹ́rìí, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ìpín yín bọ́ nìyẹn. Rúùtù ní, kí ó bọ́. Ilẹ̀ tí ọkọ mi fi ọdún mọ́kàndínlógún jà lé lórí, ẹ fẹ́ kí n wá gbà á bí ọrẹ? Orúkọ mi ni mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, pé mo gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún purọ́ fún èmi náà. Ẹ fún mi ní báírò.

Mo ní kí Ṣèyífúnmi dúró. Mo ní kí ó pa ìpín keje rẹ́, kí ó sì kọ èyí dípò rẹ̀:

Ilẹ̀ tí ó wà láàárín pèrègún àti odò kì í ṣe tèmi. Kì í ṣe ti bàbá mi rí. Adéyanjú ni ó ni ín. Èmi ni mo fa pèrègún náà tu ní òru kan, tí mo sì tún un gbìn sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀, mo mọ̀, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. N kò lè fi ohun tí kì í ṣe tèmi hágún fún ẹni tí ó ni ín. Kí Rúùtù máa ro ilẹ̀ rẹ̀.

Ìdájọ́ Tómilọ́lá ti tán, oko kaṣú di tirẹ̀. Ti Ayọ̀túndé kò yí padà.

Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ ní Àrán-Ọ̀rin, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Bélú, ọdún 2025.

(Àmì àtàǹpàkò ọwọ́ òsì)
Ignatius Àkànbí Ògúntúndé

Èmi, Ṣèyífúnmi Ọlájídé, ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Mo kà á fún un ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí a pa rẹ́ àti èyí tí a kọ dípò rẹ̀, ó sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun wí, kí n má ṣe tún un ṣe.

Àwọn tí ó jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀:

Hafeezat Àlàó, aránṣọ, Àrán-Ọ̀rin

Rúùtù Adéyanjú, àgbẹ̀, opó Adéyanjú. Mo gbọ́.